Bí Wọ́n Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Ìwáàsí Jímọ̀ọ̀ Lórí Ọjà Kíkiri Láti Ojúlé Dé Ojúlé

KHUTBAH ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá, tí ó sì ti pín arísìkí rẹ̀ fún un kí ó tó wá sáyé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Allāhu, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, mo ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba, nínú ohun tí à ń jẹ àti nínú ọ̀nà tí a gbà rí i.

Àsìkò ìsinmi gígùn ni àwọn ọmọ wa wà báyìí. Àwọn tí ó wà ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn tí ó wà ní Pólì Abraham Adesanya ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín, àti àwọn tí ń kàwé ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n ti padà sọ́dọ̀ òbí wọn, láti Òkè-Àgbò àti Orù títí dé Abígí àti Ìwòpin létí omi. Ọmọ tí ó mọ̀ pé owó ilé-ìwé tún ń bọ̀ kì í fẹ́ jókòó lásán. Ó ń wá iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bú ọmọ tí ó ń wá iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ó yá jù lọ láti rí ni èyí tí ìkéde rẹ̀ máa ń wà lára òpó iná, lára ògiri àti lórí WhatsApp: wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ rí, owó ńlá sì ń bẹ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ bá débẹ̀, wọn yóò kó o pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn kan. Wọn yóò bá wọn sọ̀rọ̀ títí, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò fi àwòrán mọ́tò ọlọ́lá hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gba owó fọ́ọ̀mù, wọn yóò sì gbé àpò ọjà lé wọn lọ́wọ́, ìbáà ṣe oògùn inú ike, ọṣẹ, tíì, tàbí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, kí wọ́n máa kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn yóò sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa sọ lẹ́nu ọ̀nà oníle.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́ pé kí ó lọ ta ọjà, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kò sì jẹ́ òótọ́, ta ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ẹni tí ó rán an ni, àbí ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?

Òwò kì í ṣe ohun ìtìjú

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀wọ̀ òwò fún òwò. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kí ó tó di ẹni tí a fi iṣẹ́ rírán jíńkí, ó ta ọjà fún ẹlòmíràn. Ọjà Khadījah ni ó kó lọ sí ilẹ̀ Shām, òun pẹ̀lú Maysarah, ìránṣẹ́ obìnrin náà. Kì í ṣe òun ni ó ni ọjà náà. Wọ́n rán an ni. Ìròyìn òtítọ́ rẹ̀ tí Maysarah mú bọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ gbé iyì rẹ̀ ga lójú Khadījah. Bákan náà ni Abdur-Rahmān ọmọ 'Awf, nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà láìní kọ́bọ̀, tí ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀sìn fẹ́ pín dúkìá rẹ̀ sí méjì fún un, kò gbà á. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun.

Àwa Yorùbá náà ní ìtàn ti wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ti ń ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn. Nígbà tí àsìkò owó bá tó, ọlọ́jà yóò padà wá, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, yóò ní ní ìlóṣòó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ tí a fi ń pè wọ́n ti jáde: Òṣómàáló. Àwọn ènìyàn a máa fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Òṣómàáló mọ ilé tí ó ta ọjà sí, ilé náà sì mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kan, ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni yóò tún padà sí láti gba owó rẹ̀, wọn yóò sì ká a mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, àtipadà rẹ̀ ni ẹ̀rí òtítọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ ọ̀gá rẹ̀, ó mọ ilé bàbá ọ̀gá rẹ̀, ó sì mọ ọdún tí òun yóò gba òmìnira.

Nínú òfin ẹ̀sìn wa pẹ̀lú, kò sí èèwọ̀ nínú kí a san owó fún ènìyàn ní ìwọ̀n ọjà tí ó bá tà. Àwọn onímọ̀ mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe ọ̀kan nínú wọn ní ju'ālah. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí iṣẹ́ náà hàn, kí owó rẹ̀ hàn, kí ọjà náà jẹ́ haláàlì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ ṣókùnkùn tan ẹnì kejì.

Ohun tí ó yàtọ̀ nínú tòde òní

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká ní ọmọ kan san ₦10,000 fún fọ́ọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ ń ta páálí ọjà kan fún un ní ₦12,000, ó sì ń tà á ní ₦15,000. Èrè rẹ̀ lórí páálí kan jẹ́ ₦3,000. Owó mọ́tò àti oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦2,500 lójúmọ́, ó sì ń jáde fún ọjọ́ mẹ́fà: ₦15,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ₦25,000 ti jáde lápò rẹ̀. Bí ó bá ta páálí mẹ́jọ, ó ti pàdánù ₦1,000. Bí ó bá ta mẹ́sàn-án, ₦2,000 ni ó jèrè fún ìrìn ọjọ́ mẹ́fà nínú oòrùn. Bí kò bá sì ta nǹkan kan, ilé-iṣẹ́ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ó ti gba owó fọ́ọ̀mù, ó sì ti gba owó ọjà.

Níbí ni iṣẹ́ náà ti yí orí padà. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, alágbàṣe ni ó ń sanwó kí ó tó làágùn. Wọ́n ní òun ni ọ̀gá ara rẹ̀. Ọ̀gá wo ni kò lè yan iye tí yóò ta ọjà rẹ̀, tí kò lè yan ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni àdánù wà fún?

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí wà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Nashville, láti ọdún 1868 ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Southwestern ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ta ìwé láti ojúlé dé ojúlé ní àsìkò ìsinmi. Àwọn kan rí owó ilé-ìwé níbẹ̀. Àwọn mìíràn padà sílé lọ́wọ́ òfo, nítorí pé kò sí owó oṣù, iye tí ènìyàn bá tà ni ó wà. Ọ̀ràn àgbáyé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú tiwa burú sí i ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní owó àdánù. Owó tí ó ń pàdánù, owó tí ìyá rẹ̀ yá lọ́wọ́ alájọ ni.

Ẹ̀tọ́ ẹnu ọ̀nà

Ọlọ́hun fi òfin sí ẹnu ọ̀nà ilé. Nínú Sūratun-Nūr, Ó kọ̀ fún wa láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìgba àṣẹ àti láìsálámà. Ó sì fi kún un pé bí wọ́n bá ní kí á padà, kí á padà, nítorí ìyẹn ni ó mọ́ jù fún wa. Ànábì wa sì kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lè tọrọ àṣẹ. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí á máa lọ.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa nínú gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn ṣe lòdì sí èyí. Wọ́n ń kọ́ wọn pé bí onílé bá ní òun kò fẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n tọrọ omi mímu kí wọ́n lè wọlé, kí wọ́n kí màmá àgbà, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n pe ara wọn ní ọmọ ọmọ rẹ̀. Omi tí a fi àánú fúnni ti di ìwọ̀ tí a fi ń mú ẹja. Ìkúnlẹ̀ tí àwọn òbí wa kọ́ wa fún ọ̀wọ̀ ti di ohun èlò ìtajà. Ìyá àgbà tí ojú ń tì láti lé ọmọ tí ó kúnlẹ̀ yóò sanwó, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ ọjà náà. Mo sì bi yín, ẹ̀yin ará: owó tí a fi ìtìjú gbà lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò yọ̀ǹda, ṣé ọkàn wa lè balẹ̀ láti jẹ ẹ́?

Ewu mìíràn tún wà lẹ́nu ọ̀nà náà, èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún tí ń kan ilẹ̀kùn àjèjì ní ìlú tí kò mọ̀, láìsí ẹni tí ó mọ ilé tí ó wà ní wákàtí yẹn, inú ewu ni ó wà. Òbí tí kò ní gbà kí ọmọ rẹ̀ sùn níta, kí ó bèèrè ibi tí ọmọ náà ń wọ̀ ní ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹni tí ó bá ní tíì kan ń mú ara tutù lè má ta tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀ àti àìrọ́mọbí yóò tà ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ronú nípa bàbá kan tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ yunifásítì, tí ó sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un sílẹ̀. Bí bàbá náà bá ṣubú ní oṣù kejì, kò sí ẹni tí yóò rántí ọmọ tí ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọlọ́hun kò ní gbàgbé. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kọ̀ kí a máa kiri oògùn, NAFDAC ni ó sì ń fi nọ́ńbà sí èyí tí ó bá yẹ̀ wò. Nọ́ńbà náà pàápàá kò sọ pé oògùn kan ń wo gbogbo àrùn.

Gbogbo wa mọ ìtàn Ànábì wa lọ́jà Mẹ̀dínà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí wọ́n ń tà, ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó rin náà sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin yẹn kò parọ́ kankan. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí dídákẹ́ lórí ọ̀rinrin bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí á sọ nípa ẹni tí ó la ẹnu, tí ó sì tún fi ìbúra tì í lẹ́yìn?

Ta ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ náà?

Ọmọ wa yóò dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yóò ní, “Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ilé-iṣẹ́ ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, èmi kàn ń kà á ni.” Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yẹn náà ni wọ́n sì pa èkejì rẹ̀: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ti àkọ́kọ́ sọ pé kí á má ṣe fi iṣẹ́ tí a rán wa falẹ̀. Ti èkejì sọ pé nǹkan kan wà nínú wa tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ó rán wa.

Kí ni nǹkan náà? Nígbà tí ènìyàn bá gba iṣẹ́, ó fi àkókò rẹ̀ yá ọ̀gá, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ yá a. Ìwọ̀nyí ni ó lè fi yáni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ohun ìní rẹ̀. Àmánà Ọlọ́hun ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kò lè tà á, kò sì lè fi í yáni. Nítorí náà, kò sí àdéhùn tí ó lè gbé ẹnu ọmọ fún ilé-iṣẹ́ láti fi parọ́. Bí ó tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fọwọ́ sí.

Ǹjẹ́ a ti wá gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ilé-iṣẹ́ bí? Rárá. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tí ó bá dá àṣà burúkú sílẹ̀ yóò ru ẹrù rẹ̀ àti irú ẹrù gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e, láìdín tiwọn kù. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe àkàrà tí a ń bù sí méjì kí tẹnì kọ̀ọ̀kan lè kéré. Ó dà bí iná àtùpà: a tan èkejì lára rẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò sì dín. Ẹni tí ó kọ irọ́ náà sínú ìwé, tí ó sì fi í rán igba ọmọ, irọ́ igba ẹnu ni ó ń dúró dè é. Síbẹ̀, ti ẹnu kọ̀ọ̀kan wà fún ẹni tí ó ni ẹnu.

Ọmọ mìíràn yóò ní òun kò mọ̀ pé irọ́ ni. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun kì í fi ohun tí ènìyàn kò mọ̀ mú un. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣìkẹ́ kì í ṣe àwíjàre. Ọmọ tí ó ń kọ́ nípa àgbẹ̀bọ́ adìẹ, nípa òfin, nípa kẹ́místírì, tí ó mọ bí a ti ń bi olùkọ́ léèrè ẹ̀rí, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ewé kan ṣoṣo kò lè wo ogójì àrùn.

Ẹlòmíràn yóò ní ebi ni. Ọ̀rọ̀ ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré. Ní ọdún 2022, láti oṣù kejì títí wọ inú oṣù kẹwàá ni ìyanṣẹ́lódì ASUU fi ti ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, a sì rí ohun tí àìríṣe lè sọ ọmọ dà. Ẹ̀sìn wa náà mọ ìnira: ó yọ̀ǹda òkúǹbete fún ẹni tí ikú ebi kàn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi ìlànà kan sí i, pé ìnira kì í pa ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn rẹ́. Ẹni tí ebi mú kí ó jẹ oúnjẹ oníoúnjẹ gbọ́dọ̀ san iye rẹ̀ nígbà tí ara bá dẹ̀ ẹ́. Ebi lè mú kí á ru ẹrù wúwo. Kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹrù náà lé orí ìyá arúgbó tí ó ṣílẹ̀kùn fún wa.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KHUTBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀ka kan wà lára ọ̀rọ̀ yìí tí ó léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ọmọ fi ọjà sílẹ̀, kí ó máa ta ènìyàn. Wọn yóò sọ fún un pé èrè kò sí nínú ọṣẹ, inú àwọn tí ó bá mú wọlé ni èrè wà. Kí ó mú ẹni mẹ́fà wá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn náà mú mẹ́fà wá. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́fà yóò di 36, yóò di 216, yóò di 1,296. Ní ìgbésẹ̀ kọkànlá, ó ti lé ní 362,000,000, iye tí ó ju gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ, àti ìkókó àti arúgbó. Ìyẹn ni pé àdéhùn náà kò lè ṣẹ. Ẹni tí ó bá gbẹ̀yìn wọlé, kò sí ẹni tí yóò rí mú wá, àwọn tí ó sì gbẹ̀yìn ni ó máa ń pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ Fátíwà ti ilẹ̀ Saudi Arabia ti sọ ọ́ ní ọdún 1425 ti hijrah, tí ó jẹ́ 2004, pé irú òwò bẹ́ẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, nítorí pé ọjà inú rẹ̀ aṣọ ìbora lásán ni. Owó ni wọ́n ń fi ra owó.

A sì ti rí i pẹ̀lú ojú wa. MMM wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ó ń ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù Épírì ọdún 2025, CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin tuntun lórí ìdókòwò jáde, tí ó fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ti ẹni tí ó bá ń ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú àwọn ènìyàn wọ inú rẹ̀? Kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ni ó mú ìyá, àbúrò ni ó mú ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé-kéwú ni ó mú àlùfáà rẹ̀. Ìyá kò wo ìwé ilé-iṣẹ́, ojú ọmọ rẹ̀ ni ó wò. Ohun tí wọ́n tà gan-an nìyẹn. Ogún ọdún ni ó gba ìyá láti fi gbára lé ọmọ rẹ̀, ọ̀sán kan ni wọ́n fi tà á ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó lè padà wá lọ́jọ́ kan. Ojú tí ìyá fi ń wo ọmọ ṣòro láti dá padà.

Kí ni kí á ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Àkọ́kọ́: ṣé èmi ni wọn yóò sanwó fún, àbí èmi ni yóò sanwó? Ìkejì: bí kò bá sí ẹni tuntun tí mo mú wọlé, ṣé ọjà yìí nìkan lè bọ́ mi? Ìkẹta: ṣé mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá tèmi, lójú dókítà, láìyí gbólóhùn kan padà? Ìkẹrin: ṣé mo lè padà sí ẹnu ọ̀nà yìí ní oṣù mẹ́fà sí i, kí n sì kí wọn? Bí ìdáhùn kan bá ṣókùnkùn, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi nǹkan sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun kò ní pàdánù lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wà nínú rẹ̀, kí ó ta ọjà náà pẹ̀lú òtítọ́, tàbí kí ó jáde. Bí ó bá sì ti gba owó ẹnikẹ́ni pẹ̀lú irọ́, títúúbá nìkan kò tó. Ẹ̀tọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ènìyàn. A ròyìn nípa Imām Abū Hanīfah, tí ó jẹ́ oníṣòwò aṣọ, pé alábàáṣe rẹ̀ Hafs ta aṣọ kan tí ó lábùkù, ó gbàgbé láti fi àbùkù náà han ẹni tí ó rà á, kò sì mọ ibi tí ẹni náà wà mọ́. Gbogbo owó ọjà náà ni Imām fi ṣe sàráà. Ìgbàgbé ni o, kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yin mọ ilé tí ẹ ti tà á: ẹ padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ń rà, ẹ̀sìn wa fún yín ní ààyè láti tún inú rò. Ọkùnrin kan wà láyé Ànábì wa, Habbān ọmọ Munqidh, tí wọ́n máa ń rẹ́ jẹ lọ́jà. Ànábì kọ́ ọ pé kí ó sọ fún ọlọ́jà pé kò sí ìrẹ́jẹ, kí ó sì ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá ọjà padà. Láti àwọn ọdún 1970 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fún ẹni tí wọ́n bá ta ọjà fún nínú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà. Ọgbọ́n tí àwọn elófin ń dé ibẹ̀ lẹ́yìn, ó ti wà lọ́jà Mẹ̀dínà. Ẹ fi ṣe àdéhùn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ irú ọjà tí ó gbé lọ́wọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ọmọ tí ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ fún un lómi, ẹ sọ pé ẹ kò rà á, kí ẹ sì bi í léèrè bí ó bá ti jẹun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi iye owó tí ọmọ mú wálé nìkan díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ilé-iṣẹ́, ibi tí ó wà, àti ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wà nínú jamáà yìí, ẹ̀yin onípákó, ẹ̀yin oníkòkó, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oògùn, ilé-ìtẹ̀wé, ilé-ìtajà àti oko ẹja létí omi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò bá má lọ sí gbọ̀ngàn àjèjì bí a bá ṣí ilẹ̀kùn tiwa fún wọn. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò lè tọ́jú ìwé òwò yín fún oṣù méjì. Ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè fi ọjà yín han àwọn tí ó wà lókèèrè. Ẹ dá iye owó rẹ̀ fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ tí ó pé. Ẹni tí ó bá ní ààyè fún ọmọ kan péré, kí ó bá wa nínú ọ́fíìsì mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí ó bá sì ń lo ọmọ ọlọ́mọ, tí ń sọ fún un pé bí kò bá tà kò ní gbà, kí ó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta nìkan ni mo ń sọ.

Ọlọ́hun, fún àwọn ọmọ wa ní arísìkí haláàlì tí ó ní àlùbáríkà nínú. Má ṣe jẹ́ kí ebi tì wọ́n dé ẹnu ọ̀nà irọ́. Dáàbò bo àwọn ọmọbìnrin wa lójú ọ̀nà. Fún àwọn tí wọ́n ti rẹ́ jẹ ní ìpadàbọ̀ ohun tí wọ́n pàdánù, kí O sì tún ìfọkàntán ṣe láàrin ọmọ àti òbí. Dárí jì wá, dárí ji àwọn òbí wa tí ó ti kú, jẹ́ kí ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti gbogbo ìlú etí omi tòrò. Ẹ dìde fún ìrun. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa. Āmīn.